Ilé Orí Ṣóbándé

Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí àwọn ará Sakété mọ ìtàn í sọ, pàápàá ìtàn tí ojú ti ẹnìkan nínú rẹ̀.

Ọdún kejì ogun tí àwọn Òyìnbó ń bá ara wọn jà lókè òkun ni. Àwọn Faransé ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn yóò kó lọ síbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gba ìbọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Ohori kí wọ́n tó kó wọn lọ́mọ. Àwọn ará Ohori ní àwọn kò fi ọmọ sílẹ̀, àwọn kò sì fi ìbọn sílẹ̀. Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan mìíràn ló fà á, ẹ bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀.

Èmi Ṣùáíbù, iyọ̀ ni mò ń tà. Àjàṣẹ́ ni mo ti ń rà á, n ó gbé e gba Sakété àti Yoko kọjá títí dé inú ẹrẹ̀ dúdú Ohori. Bí ẹ̀tù ìbọn bá wà lábẹ́ iyọ̀ nígbà mìíràn, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe débẹ̀. Ní Yoko ni àwọn sójà ti da iyọ̀ mi sílẹ̀, tí wọ́n rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ̀mándà tó wà ní Pobẹ̀ ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì: kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún òun, nítorí mo mọ ọ̀nà Ohori, mo sì mọ àwọn ènìyàn ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú mi lọ sí ibi tí Màrúfátù ìyàwó mi kò ti ní gbúròó mi mọ́. Mo ní kádàrá ni. Mo gbé fìlà mi, mo tẹ̀lé wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jìnnà sẹ́nu mi nígbà náà. Bí iyọ̀ bá tutù, kádàrá ni. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí n kò mú un ṣẹ, kádàrá náà ni.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, ní kùtùkùtù, àwọn sójà lọ sun Abà Ọ̀dàn, ìletò Ṣóbándé. Ṣóbándé ni olórí ogun Ohori ní apá ibẹ̀: ọkùnrin kúkúrú kan tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì máa ń kan ara wọn bó bá ń rìn, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ọdún méjìlá ni mo fi ń wọ̀ sílé rẹ̀ bí mo bá tajà débẹ̀. Kò pè mí ní Ṣùáíbù rí. Oníyọ̀ ló ń pè mí, òun nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ó ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ àárín ẹrẹ̀ lọ, kìkì ilé òfìfo ni àwọn sójà bá. Ìbọn dún ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti inú koríko, sójà méjì ṣubú, àwọn yòókù kó ohun tí wọ́n rí, wọ́n dáná sun ìyókù, ó parí. Kò pẹ́ tó kí ẹnìkan jẹun tán.

Ní àgọ́ ní Pobẹ̀, wọ́n kó ìkógun jọ sílẹ̀: ẹní, ìkòkò, ọkọ́, ewúrẹ́ mẹ́ta. Láàárín wọn ni mo ti rí ohun kan tó rí bí òrùlé ahéré kékeré, awọ ni wọ́n fi rán an, owó ẹyọ sì bò ó láti òkè délẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Inú yàrá Ṣóbándé ló máa ń wà, lórí pẹpẹ amọ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ilé orí rẹ̀ ni. Sójà kan ti yọ ọ̀bẹ, ó fẹ́ tú owó ẹyọ ara rẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára bẹ́líìtì rẹ̀.

Bí mo bá panu mọ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ẹnu mi ni kò gbà. Mo ké pé, "Má fọwọ́ kàn án! Orí ènìyàn ni!"

Kọ̀mándà yíjú padà. Ó bi Basile léèrè ohun tí mo sọ. Basile ni akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ tí àwọn fadá kọ́ níwèé. Ó ń sọ Faransé, ó ń sọ Gùn, ó sì gbọ́ èdè wa níwọ̀n. Òun ló ń bá mi gbé ọ̀rọ̀ kọ̀mándà wá, òun ló sì ń gbé tèmi padà, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kí n ṣàlàyé, mo sì ṣàlàyé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sanwó fún.

Mo ní gbogbo ènìyàn, kó tó wá sáyé, ilé Àjàlá tó ń mọ orí ní ọ̀run ló máa ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni yóò ti kúnlẹ̀, tí yóò yan orí kan, ohun tó bá sì yàn níbẹ̀ ni yóò bá pàdé láyé. Ojú kò rí orí yẹn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mọ àmì rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ilé fún un, tí wọ́n sì ń bọ ọ́. Basile gbọ́ mi tán, ó kọjú sí kọ̀mándà, ó sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo. Ó yà mí lẹ́nu. Àwa ní orí, a ní ìpín, a ní àyànmọ́, a ní àkúnlẹ̀yàn, àwa Mùsùlùmí tún wá gbé kádàrá kún un, Faransé sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan.

Kọ̀mándà tún béèrè ọ̀rọ̀ kan. Basile ní, "Mísíọ̀ ní ṣé ọmọ Ohori lè ba nǹkan yìí jẹ́ fún ọmọ Ohori ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Háà! Kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò," ni mo wí. "Kò sí ẹni tí yóò na ìbọn sí ilé orí ẹlòmíràn nígbà tí onítọ̀hún wà láàyè, ká má tíì wá sọ ti olórí ogun wọn."

Kọ̀mándà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n gbé ilé orí náà sórí tábìlì òun. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe. Ó ní ní ọ̀túnla ni òun yóò kó àwọn sójà wọ inú ẹrẹ̀, ilé orí Ṣóbándé ni wọn yóò sì gbé ṣáájú, kí òun wo ẹni tí yóò yìnbọn. Àfi bí Ṣóbándé bá jáde wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìbọn wọn. Èmi ni kí n lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí mo bá mú un wá, kí n máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mi ní Sakété.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Ohori kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ dúdú náà á gbẹ, á le, á sì là débi tí ènìyàn lè ki apá bọ inú rẹ̀, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ìbọn ńlá lè kọjá lórí rẹ̀. Bí òjò bá fi lè rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, bàtà kò ní kọjá níbẹ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Gbogbo ogun náà dá lórí èyí: bóyá kọ̀mándà yóò wọlé kí òjò tó dé, tàbí àwọn ará Ohori yóò tẹra mọ́ ọn títí òjò yóò fi dé. Àwọn sójà sì ti jókòó ti gbogbo kànga tó wà létí ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo so aṣọ funfun mọ́ igi, mo wọlé. Oòrùn ti kọjá àtàrí kí n tó dé àárín àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n sá sí. Èjìdé, ẹ̀gbọ́n Ṣóbándé obìnrin, ló kọ́kọ́ rí mi. Arúgbó ni, ó ga ju àbúrò rẹ̀ lọ dáadáa, ohùn rẹ̀ kì í sì lọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó bu omi ìdajì igbá fún mi. Mo ní òùngbẹ kò gbẹ mí, ètè mi sì ti là.

"Mu ún," ó ní. "Àlejò wa ṣì ni ọ́, títí a ó fi gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ."

Mo mu ún. Ojú tì mí ju bí ó bá ti bú mi lọ.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ lójú ẹsẹ̀, lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ. Mo jẹ́ iṣẹ́ kọ̀mándà. Nígbà tí mo dé ibi tí ilé orí wà, gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fọwọ́ kan orí ara wọn, wọn kò mọ̀ pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Fálúyì, tó dàgbà jù nínú wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Omi tó kù nínú ìkòkò wa kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ," ó ní. "Mo ti fara mọ́ ìyẹn. A ti fi ahọ́n kan irin pé a kò ní fi ìbọn sílẹ̀, mo sì wà lára àwọn tó fi ahọ́n kàn án. Ṣùgbọ́n irin kò ní ká yìnbọn lu orí ẹni tó kó wa jọ. Bí wọ́n bá gbé e ṣáájú, kí ni ká ṣe? Ká máa wò wọ́n títí wọn yóò fi tẹ àwọn ọmọ wa mọ́lẹ̀?"

Fádèyí, tí kò sí ẹni tó mọ ìbọn yìn tó o nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn, gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. "Bàbá Ọdẹ́wálé," ó wí fún Ṣóbándé, "mo lè pa ìlàjì wọn kí wọ́n tó dé ibi ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí orí yín níwájú ìbọn mi, ọwọ́ mi á kú. N kò purọ́ fún yín."

Orí gbòǹgbò ọ̀pẹ kan ni Ṣóbándé jókòó sí, ó ń fi igi kékeré tú ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Oníyọ̀, ta ló sọ fún wọn ohun tó jẹ́?"

Mo lè purọ́. Níbi ìkógun yẹn, sójà kan tó jẹ́ Nàgó, tó gbọ́ èdè wa, wà níbẹ̀, mo lè dì í rù ú. "Èmi ni," mo ní. "Wọ́n fẹ́ tú owó ẹyọ rẹ̀ ni mo bá ké."

Àdá Fádèyí ti kúrò nínú àkọ̀ kí n tó mí.

"Jókòó, Fádèyí," ni Ṣóbándé wí. "Bí o bá pa á, ta ni yóò máa gbé iyọ̀ àwìn fún ìyá rẹ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo wá ohun tí mo lè sọ, èyí tó sún mọ́ ẹnu mi náà ni mo rí. Mo ní, "Bàbá Ọdẹ́wálé, ẹ dárí jì mí. Kádàrá ni."

Èjìdé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀yin ará Sakété, kádàrá yín mà ń ṣiṣẹ́ o! Òun ló gbé ẹ̀tù sábẹ́ iyọ̀. Òun ló la ẹnu níwájú Òyìnbó. Òun náà ló tún so aṣọ funfun mọ́gi wá síbí. Ìwọ wá ńkọ́, Ṣùáíbù? Iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe?"

Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Ṣóbándé ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí Bàbá wa kú, kí la ṣe sí ilé orí wọn?"

"A fọ́ ọ ni. A fọ́n owó ẹyọ rẹ̀ ká ojú oórì," ni Èjìdé dáhùn. "Kí lo fẹ́ ká tún fi í ṣe? Ẹni tó ni ín ti lọ."

"Ó dáa. Ẹ sin mí lónìí."

Bàbá Fálúyì ló kọ́kọ́ yé, ó sì dìde dúró. "Èèwọ̀ ni! A kì í pe ikú ní eré. Ṣóbándé, tó bá gbọ́ tó sì wá ńkọ́?"

"Kì í ṣe eré, Bàbá." Kò rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Kọ̀mándà ní orí mi wà lórí tábìlì òun. Irọ́ ló ń pa. Ohun tí mo yàn, mo kúnlẹ̀ yàn án, kò sì sí Òyìnbó kankan níbẹ̀ nígbà tí mo ń yàn án. Awọ àti owó ẹyọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mí, ẹ̀yin ò ní lè yìnbọn sí awọ yẹn, mo mọ̀ yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kú. Kí àwọn ìyàwó mi ṣe opó. Kí Ọdẹ́wálé ọmọ mi pín oko. Orúkọ mi, láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi pè mí mọ́. N ó máa gbé láàárín yín, n ó máa yìnbọn pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ẹ kò ní olórí kan tí wọ́n ń pè ní Ṣóbándé mọ́. Ẹ jẹ́ kí kọ̀mándà gbé ilé orí òkú kiri."

Ó jókòó. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́ta tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ní iṣu nílẹ̀, ló ń sọ gbogbo ìyẹn.

Nígbà tí Bàbá Fálúyì tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe láti jiyàn mọ́. "Ó ku ohun kan. Bí ilé orí náà bá ṣì dúró ní odindi, ọkàn àwọn ọmọ yìí kò ní gbà pé olúwa rẹ̀ ti lọ. Wọn yóò rí i lọ́nà, ọwọ́ wọn yóò kú síbẹ̀. Ẹnìkan ní láti fọ́ ọ, Pobẹ̀ ló sì wà."

Gbogbo wọn wò mí.

"Mùsùlùmí ni mí," mo ní kíákíá. "N kì í bọ orí."

"Ta ló ní kí o bọ ọ́?" ni Ṣóbándé wí, ẹ̀rín rẹ̀ sì padà dé. "Fífọ́ ni mo ní kí o fọ́ ọ. Ọdún méjìlá lo fi jẹun nílé mi, o tó ẹni tó ń fọ́ ilé orí fún mi. N kò ní fi ọ́ búra, Oníyọ̀. Tí o bá débẹ̀ tí o kò lè ṣe é, máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ, n kò ní bínú. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, má sọ pé kádàrá ni."

Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ líle náà títí ọkọ́ méjì fi ṣẹ́. Fìlà rẹ̀ àti ìbora rẹ̀ ni wọ́n gbé sínú kòtò. Wọ́n yìnbọn ẹyọ kan péré, nítorí ẹ̀tù kò pọ̀ nílẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ tú irun orí wọn, èyí tó kéré jù nínú wọn sì sunkún débi tí wọ́n ní láti dì í mú. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. Èjìdé dúró lórí oórì náà, ó fi Àkànní, oríkì rẹ̀, kì í:

"Àkànní, ọmọ ẹrẹ̀ dúdú,
ọmọ ẹrẹ̀ tí í gba bàtà lẹ́sẹ̀ àlejò.
Ó kúrú, ọ̀nà gùn,
ọ̀nà ló rẹ̀, kò rẹ Àkànní.
Wọ́n ní amọ̀ ni Àjàlá fi mọ orí,
wọ́n ní òjò a máa pa èyí tí kò jinná, a sì yọ́.
Ẹrẹ̀ ilé wa ló fi mọ tìrẹ, Àkànní,
òjò gan-an ni tìrẹ ń dúró dè."

Òkú náà jókòó sórí gbòǹgbò ọ̀pẹ, ó ń wo ìsìnkú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kún kòtò tán, ìyàwó rẹ̀ àgbà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ gbé ìkòkò. Kò wò ó. Mo rí ojú ọkùnrin náà nígbà yẹn, mo sì yí tèmi kúrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wà ní Pobẹ̀. Kọ̀mándà ti pe àwọn ará ìlú àti àwọn ará Ìgànná tó wà nítòsí jáde kí wọ́n wá wo bí àwọn Ohori ṣe ń túúbá. Ilé orí wà lórí tábìlì níta gbangba, àwọn sójà tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní Ṣóbándé ti kú, a ti sin ín.

Basile túmọ̀ rẹ̀. Kọ̀mándà béèrè bóyá mo rí òkú.

"Mo rí ibojì," mo ní. "Mo gbọ́ ẹkún àwọn ìyàwó rẹ̀."

Kọ̀mándà ronú díẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí ojú Basile ṣú. "Mísíọ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Basile wí. "Ó ní bí ọkùnrin náà kú tàbí kò kú, nǹkan rẹ̀ ṣì wà, wọn yóò sì rí i níwájú wọn. Ó ní ìwọ tí o mọ bó ṣe jẹ́ ni yóò gbé e. Gbé e. A ń lọ nísinsìnyí, kì í ṣe ọ̀la mọ́."

Mo gbé e. Ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Mo dúró síwájú àwọn sójà, mo di nǹkan náà mú ní àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Mo rí Màrúfátù lójú ọkàn mi, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Sakété, tó ń fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó dì mí mú. Kò sí ohùn kan tó bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè. Mo lè rìn, mo sì lè dúró. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ki ìka bọ ibi tí wọ́n ti rán awọ náà pọ̀, mo fi gbogbo agbára fà á ya. Owó ẹyọ tú dà sílẹ̀. Mo tún fà á, mo fi eyín bá a níbi tó ti le. Ní inú pátápátá, mo bá àmì orí kékeré kan tó ṣóńṣó, amọ̀ dúdú Ohori ni wọ́n fi mọ ọ́, mo gbá a mọ́ òkúta, ó rún sí mi lọ́wọ́. Mo fọ́n gbogbo rẹ̀ ká.

Àwọn sójà kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn ará Pobẹ̀ mọ̀ ọ́n. Obìnrin arúgbó kan láàárín wọn bọ́ ìborùn kúrò lórí, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Ẹnìkan tún wí i lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo gbàgede ń wí i, àwọn ará Pobẹ̀, àwọn ará Ìgànná, àwọn tí kò bá àwọn Ohori tan rárá: ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ará fẹ́ra kù, lójú kọ̀mándà, wọ́n ń kí ara wọn kú òfò olórí ogun tí òun fúnra rẹ̀ ń lé kiri. Kò sí òfin tó kà á léèwọ̀ láti kí ènìyàn.

Ìdí ìbọn balẹ̀ sí mi lẹ́yìn, mo dojú bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà mí dìde, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi, kọ̀mándà sì ń pariwo. Basile súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó fẹ́ mọ ẹni tó rán ọ. Ṣùáíbù, gbọ́. Sọ pé nǹkan náà ló gbé ọ, pé o kò mọ ohun tí ò ń ṣe. Sọ pé kádàrá ni. Màá túmọ̀ rẹ̀ dáadáa fún ọ. Ó máa ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe rí."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

"Sọ fún un pé kò sí ẹni tó rán mi," mo ní. "Sọ fún un pé wọ́n ní tí n kò bá lè ṣe é kí n máa lọ sílé. Mo rí ilé mi, mo sì rí èyí. Mo yan èyí. Ìkúnlẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo yàn án, òun náà rí mi."

Nígbà tí Basile yíjú sí kọ̀mándà tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, kò lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ìjọ́sí. Ó gùn, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, kò sì dákẹ́ títí ó fi sọ ọ́ tán.

Àwọn sójà lọ lọ́jọ́ náà láìsí nǹkan kan níwájú wọn. Wọ́n padà ní ọ̀sán, wọ́n ru ènìyàn mọ́kànlá tó fara gbọgbẹ́. Mo gbọ́ pé ọwọ́ Fádèyí kò kú rárá. Kọ̀mándà ní kí wọ́n dúró de ìbọn ńlá láti Àjàṣẹ́. Ìbọn ńlá wà lọ́nà nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lé òrùlé páànù túbú tí wọ́n tì mí mọ́, lọ́jọ́ kẹrin gan-an. Mo na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé. Amọ̀ dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Òjò kàn án, ó di ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan ni wọ́n so èmi àti àwọn mẹ́fà mìíràn pọ̀ láti kó wa lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹrẹ̀ ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ sójà méjì nínú àwọn tó ń dà wá, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ń bú ilẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ìgànná, ọkùnrin kan ń bọ̀ lódìkejì, ó ru ìdì koríko ìborùlé. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún wa. Kúkúrú ni, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń kan ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹrù rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Oníyọ̀, o kú ìrìn o."

Sójà tó di okùn mi mú dúró. Ó ní, "Ta nìyẹn? Ẹni tó mọ̀ ọ́ ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n," mo ní. "Mo mọ ẹnìkan tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ti kú. Èmi ni mo fọ́ ilé orí rẹ̀."